Ìṣirò Òrùlé: Kí Owó Má Baà Tán Kí Ilé Tó Bò

Àwọn àgbà wa ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì mọ pàápàá, bí kò bá rí òrùlé, òjò ni yóò bà á jẹ́. Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ewì, kì í sì í ṣe ti gírámà. Ìṣirò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì náà la ó lò.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá nìyí. Ọ̀kan nínú wa ní bàbá tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rélùwéè. Bàbá yìí fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kọ́ ilé kékeré kan lẹ́yìn Bukuru. Nígbà tí ògiri dókè tán, ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ìwọ tó wà ní yunifásítì, bá mi ṣírò páànù tí yóò bo ilé yìí.” Ọmọ mú téèpù, ó wọn ilé. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 26. Ó sọ wọ́n di púpọ̀, ó rí 1,040. Páànù tó fẹ́ rà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó sì ń bo ẹsẹ̀ bàtà 2 ní ìbú. Ìyẹn jẹ́ 20. Ó fi 20 pín 1,040, ó bọ́ sí 52. Páànù 52 ni wọ́n rà.

Lọ́jọ́ tí káfíńtà gun òrùlé, páànù náà bo ojú kan tán. Ó bo ìlà 4 péré ní ojú kejì, ó sì tán. Ìlà 18 ló ṣẹ́ kù, páànù 36 ni wọ́n ṣì ń fẹ́. Owó ti tán, oṣù kẹta sì ń parí lọ. Kí wọ́n tó rí owó mìíràn, òjò oṣù kẹrin ti dé. Tapólì ni wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ kejì, afẹ́fẹ́ sì já a. Bàbá kò bínú. Ó kàn bi ọmọ rẹ̀ pé, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣírò ní yunifásítì nìyí?” Ọ̀rẹ́ wa ní ìbéèrè yẹn dùn òun ju igbe lọ.

Ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ kò ní àṣìṣe kankan. Ohun tó wọ̀n ni kò tọ̀nà. Ilẹ̀ ló wọ̀n, òrùlé ló sì fẹ́ bò. Ẹ jẹ́ ká fi ilé yìí kan náà kọ́ ẹ̀kọ́, kí irú rẹ̀ má ṣe ẹlòmíràn.

LÁTI ORÍ BẸẸRẸ DÉ ORÍ PÁÀNÙ

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣírò òrùlé. Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ọdún Bẹẹrẹ wà, nínú èyí tí àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin máa ń kó koríko bẹẹrẹ wá láti fi bo ààfin. Ẹni tó bá mọ bí ààfin ti fẹ̀ tó yóò mọ̀ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti ka ìdì koríko kí wọ́n tó gun àjà. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí irú ilé tí àwọn baba ńlá àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ń kọ́, kó lọ sí Museum of Traditional Nigerian Architecture níbí ní Jos, tí ayàwòrán-ilé ará Poland nì, Zbigniew Dmochowski, ṣe agbátẹrù rẹ̀.

Páànù oníkọrọ́kọrọ́ ní ìtàn tirẹ̀. Henry Robinson Palmer ló gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní London ní 1829. Ní 1837, Stanislas Sorel ní ilẹ̀ Faransé gba ẹ̀tọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi síǹkì bo irin kó má baà dípẹtà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tí wọ́n fún Jos, ìyẹn Ìlú Tin, ṣì yín lọ́nà. Tin tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Plateau kọ́ ni páànù. Irin ni páànù, síǹkì ló wà lára rẹ̀. Bí síǹkì náà bá fẹ́lẹ́, ìpẹtà yóò tètè dé.

Èyí ló fà á tí páànù méjì tó gùn bákan náà kò fi jẹ́ iye kan náà. Ẹ máa béèrè gèéjì rẹ̀. Bí nọ́ńbà gèéjì bá ṣe ń ga sí i ni páànù ń fẹ́lẹ́ sí i: gèéjì 32 fẹ́lẹ́ ju gèéjì 28 lọ. Ti alumíníọ̀mù onígígùn yàtọ̀. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọn tirẹ̀, bí 0.45 tàbí 0.55, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ló nípọn jù. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lè fi owó páànù tó nípọn ra èyí tó fẹ́lẹ́.

Ẹ WỌN ÒRÙLÉ, Ẹ MÁ WỌN ILẸ̀

Ohun méjì ló mú kí òrùlé tóbi ju ilẹ̀ ilé lọ.

Èkíní ni etí òrùlé, ibi tí òrùlé ti yọ kọjá ògiri kí òjò má baà máa nà án. Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gígùn ilé yìí yóò di 40 + 2 + 2, ìyẹn 44. Fífẹ̀ rẹ̀ yóò di 26 + 2 + 2, ìyẹn 30.

Èkejì ni dídàgẹ̀rẹ̀ òrùlé. Òrùlé olójú méjì ni ti ilé yìí. Láti etí òrùlé dé abẹ́ ṣóńṣó rẹ̀, bí a bá wọ̀n ọ́n gbọọrọ bí ilẹ̀, jẹ́ ìdajì 30, ìyẹn 15. Ká ní ṣóńṣó náà fi ẹsẹ̀ bàtà 8 ga ju etí òrùlé lọ. A ti ní onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan dúró ṣánṣán, ibi tí Pythagoras ti wúlò nìyẹn. Fi 15 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, o rí 225. Fi 8 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, o rí 64. Ro wọ́n pọ̀, ó di 289. Nọ́ńbà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tó jẹ́ 289 ni 17. Nítorí náà, láti ṣóńṣó dé etí òrùlé jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 17, kì í ṣe 13 tí í ṣe ìdajì 26.

Ojú òrùlé kan jẹ́ 17 × 44 = 748. Ojú méjèèjì jẹ́ 1,496. Ẹ fi wé 1,040 tí ọ̀rẹ́ wa rí. Ó dín ní 456, ìyẹn bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá gbogbo òrùlé. Ibẹ̀ ni òjò gbà wọlé.

Ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ olójú mẹ́rin kò ní ìṣirò mìíràn láti kọ́. Bí dídàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá dọ́gba níbi gbogbo, iye rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti olójú méjì tó wà lórí ilẹ̀ kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọn yóò gé páànù púpọ̀ ní ìdábùú, àjákù yóò sì pọ̀. Fún olójú méjì, ẹ fi 5 nínú 100 kún un. Fún olójú mẹ́rin, ẹ fi 10 tàbí 15 kún un.

PÁÀNÙ MÉLÒÓ?

Pípín iye òrùlé pẹ̀lú iye páànù kan ṣoṣo kò tó, nítorí páànù máa ń gun ara wọn. Ìlà ni kí a kà.

Ẹ fúnra yín wọn ìbú páànù lọ́jà, kí ẹ sì yọ ibi tí ọ̀kan yóò ti gun èkejì. Ká ní ohun tó kù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 bí ti ọ̀rẹ́ wa. Fi 2 pín 44, a rí ìlà 22 ní ojú kọ̀ọ̀kan.

Nísinsìnyí, ìlà kan gùn ní 17. Páànù oní-10 méjì jẹ́ 20, ẹsẹ̀ bàtà 3 yóò sì ṣòfò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n oní-10 kan àti oní-8 kan jẹ́ 18. Bí ọ̀kan bá fi íǹṣì 9 gun èkejì, ó ku íǹṣì 3 tí yóò yọ sí ìta etí òrùlé. Ó bá a mu wẹ́kú. Ọ̀rẹ́ wa ṣe àṣìṣe níhìn-ín náà: oní-10 nìkan ló rà.

Nítorí náà, ilé yìí ń fẹ́ oní-10 tó jẹ́ 44 àti oní-8 tó jẹ́ 44. Bí a bá fi 5 nínú 100 kún un, ó di 47 àti 47. Bọ́ńdù kan sábà máa ń jẹ́ páànù 20, nítorí náà bọ́ńdù 2 àti páànù 7 ni nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka páànù inú bọ́ńdù kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tó fẹ́ alumíníọ̀mù onígígùn, mítà onígun mẹ́rin ni wọ́n sábà fi ń tà á. Mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 10.76. Fi í pín 1,496, a rí bí 139. Fi 5 nínú 100 kún un, ó di 146. Ẹ bi ọlọ́jà bóyá gbogbo ìbú páànù ló ń kà ni tàbí ibi tó máa bò lórí ilé nìkan. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lè gbé owó ńlá lọ.

Fún ṣóńṣó, páànù tí wọ́n tẹ̀ ní àárín, tí àwọn káfíńtà ń pè ní ríjì, la ó lò. Bí ọ̀kan bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tí wọ́n sì fi íǹṣì 6 gun ara wọn, 8 ni yóò bo 44.

IGI

Igi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé tàbí tí wọ́n máa ń fojú bù. Gígùn igi tí wọ́n ń tà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Bí a bá fẹ́ gígùn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, a gbọ́dọ̀ so igi pọ̀, ìsopọ̀ yóò sì jẹ díẹ̀ lára rẹ̀.

Igi orí ògiri: 44 ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Igi 4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8. (2 × 4)

Férémù òrùlé: bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà 4 sí àárín ọ̀kan sí èkejì, 44 pín sí 4 jẹ́ 11. Ẹ fi 1 kún un, nítorí férémù wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ó di 12. Férémù kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ igi 3 fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó dagẹ̀rẹ̀, igi 3 fún èyí tó dábùú nísàlẹ̀, igi 1 tó dúró láàrin, àti igi 2 tó gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ró. Àpapọ̀ jẹ́ 9. Ó di 12 × 9 = 108. (2 × 4)

Pọ́lìn, ìyẹn igi tí a ó kan páànù mọ́: bí a bá fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sí àárín wọn, ìlà 7 ni yóò wà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú méjì jẹ́ 14. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ igi 4. Ó di 56. (2 × 3)

Pákó etí òrùlé, ìyẹn fáṣíà: igi 8 fún ẹ̀gbẹ́ méjì tó gùn, igi 6 fún orí méjèèjì tó dagẹ̀rẹ̀. Ó di 14. (1 × 12)

Ẹ jẹ́ kí káfíńtà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà yẹ ìwé yìí wò. Ògiri inú ilé lè gbé igi ró, èyí sì lè dín iye kù. Bí ó bá sọ iye tó ju tiyín lọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ó ti lò ó?” Káfíńtà tó mọṣẹ́ yóò yàwòrán rẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ fún yín. Èyí tó bá ń bínú sí ìbéèrè, ẹ fura sí i.

Ní Jos, ọjà Katako ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ dá, orúkọ náà gan-an sì túmọ̀ sí pákó ní èdè Hausa. Ẹ ó gbọ́ orúkọ Yorùbá lẹ́nu àwọn oníṣòwò igi tí kì í ṣe Yorùbá rárá. Ìrókò, ìdígbó, ọ̀pẹpẹ àti apá ti di orúkọ òwò igi jákèjádò Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dé òkè òkun. Ẹ má tìtorí èyí gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ nìkan. Ẹ gbé igi sókè, ẹ wo bóyá ó tọ́, ẹ wo bóyá ó gbẹ. Igi tútù máa ń lọ́ lẹ́yìn tí a bá kàn án tán, yóò sì fa páànù ya. Ẹ tún wọn nínípọn rẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n ń pè ní 2 × 4 lè má pé bẹ́ẹ̀. Owó òògùn ikán náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín.

ÌṢÓ, ÒJÒ ÀTI ÌJÌ

Fún ìṣó páànù, ẹ ka ibi tí ìlà páànù àti pọ́lìn ti pàdé. 22 × 7 jẹ́ 154 ní ojú kan. Bí a bá kan ìṣó 3 níbi kọ̀ọ̀kan, ó di 462, ojú méjì sì jẹ́ 924. Pẹ̀lú ti ríjì àti àwọn tó máa tẹ̀, ẹ fi í sí 1,100. Ẹ ka iye tó wà nínú páàkì kan lọ́jà, kí ẹ sì pín. Ìṣó igi jẹ́ ti káfíńtà láti sọ, nítorí ó dá lórí bó ṣe máa so igi pọ̀.

Ẹ má fi ìṣó ṣe ahun. Jos wà ní òkè tó ga tó bí 1,200 mítà sí ojú òkun, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò rẹ̀ sì le, nígbà mìíràn pẹ̀lú yìnyín. Ìjì kì í kàn ti òrùlé. Ó máa ń fà á sókè, pàápàá ní etí àti ní ṣóńṣó, níbi tó yẹ kí ìṣó ti pọ̀ jù. Orí kọrọ́ tó yọ sókè ni a ń kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà kọjá. Kí irin tí a rì sínú líńtẹ̀lì sì di igi orí ògiri mú. Irin yìí kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi í sí i mọ́ lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti gbẹ.

Ohun kan tún wà tí kì í gba kọ́bọ̀. Ìjì òjò tó lágbára sábà máa ń ti ìlà oòrùn bọ̀ wá sí ìwọ̀ oòrùn. Bí ilé yín bá nà láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí káfíńtà bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀ oòrùn. Nípa bẹ́ẹ̀, etí páànù tó gun òkè yóò kẹ̀yìn sí ìjì, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí ibi tẹsẹ̀ bọ̀.

Ẹni tó bá ń pààrọ̀ òrùlé ilé àtijọ́, kó kọ́kọ́ wádìí bóyá asbẹ́sítọ́ọ̀sì ni. Ekuru rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi àfọ́kù rẹ̀ ṣeré. Owó ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó o kúrò jẹ́ ara owó òrùlé tuntun.

OWÓ

A kò kọ iye owó síhìn-ín, nítorí iye òní lè má jẹ́ iye ọ̀la. Iye nǹkan kì í yí padà, nítorí náà òun la kọ́kọ́ wá. Ẹ fa ìlà sórí ìwé, kí ẹ kọ ọ́ báyìí, kí ẹ sì fi owó ẹyọ kan sọ ọ́ di púpọ̀:

Páànù oní-10: 47
Páànù oní-8: 47
Ríjì: 8
Igi 2 × 4: 116
Igi 2 × 3: 56
Pákó 1 × 12: 14
Ìṣó páànù: 1,100
Ìṣó igi, irin ìdè, òògùn ikán
Ọkọ̀ àti alábàárù
Owó iṣẹ́ káfíńtà

Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi 10 nínú 100 kún un fún ohun tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè iye lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, fún gèéjì kan náà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sókè ìwé. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá, ẹ tún béèrè. Bí owó kò bá tó, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Òrùlé tó dúró sí àárín burú ju èyí tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí igi rẹ̀ yóò ti máa jẹ òjò. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ó dára jù láti bolé níhìn-ín.

ÌDÁNRAWÒ

Ilé kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 20. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ olójú méjì, etí rẹ̀ yọ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 yíká, ṣóńṣó rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ bàtà 5 ga ju etí rẹ̀ lọ. Báwo ni òrùlé náà ti tóbi tó? Bí páànù bá ń bo ẹsẹ̀ bàtà 2, oríṣi páànù wo ni ẹ ó rà, mélòó sì ni, láìka àjákù?

Ìdáhùn: ojú kọ̀ọ̀kan dagẹ̀rẹ̀ ní 13. Òrùlé jẹ́ 13 × 24 × 2 = 624. Ìlà 12 ni ojú kọ̀ọ̀kan. Oní-8 kan àti oní-6 kan yóò bo ìlà kan, nítorí náà oní-8 jẹ́ 24, oní-6 jẹ́ 24.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín nítorí pé Lítíréṣọ̀ tàbí Òfin lẹ ń kà. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ń pè láti ilé pé, “Ìwọ tó kàwé, bá wa wò ó.” Àwọn òbí wa kì í béèrè ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí a wà kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ọ̀rẹ́ wa rí páànù 36 tó kù rà ní oṣù kẹjọ, òrùlé náà sì wà lórí ilé títí di òní. Àmì omi ṣì wà lára ògiri yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ wa ní kí wọ́n má kùn ún.